Ọkùnrin Tó Di Ẹ̀wọ̀n Mú Níbi Ìdíje Abọ́ Ilá

Ovide Narcisse kì í sọ pé nǹkan "á tó báyìí". Bí o bá bi í pé báwo ni ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Láti ẹnu ọ̀nà wa ni, àbí láti ẹnu géètì?" Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi bá Ọ̀gbẹ́ni Dautreive awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ nílùú Belle Anse, ní gúúsù Louisiana. Dautreive ló ń wo awò, òun ló ń ya àwòrán ilẹ̀. Ovide ló ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ gba inú oko ìrèké, gba inú àbàtà tí omi rẹ̀ dé ìbàdí. Ejò á wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní yẹsẹ̀, torí bó bá yẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á tún ilẹ̀ náà wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Earline ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yìí dé ibi sàréè mi. Á ní wọ́n fi ìka méjì gbẹ́ ẹ gùn jù, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi jáde ná!"

Ovide á kàn rẹ́rìn-ín, á yí igi ìtayín tó wà lẹ́nu rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n yìí náà ló gbé e dé orí pápá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Delahoussaye. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí àwọn géńdé ń tìtorí rẹ̀ wó lu ara wọn bí ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan gbìyànjú láti sún un síwájú ní ọ̀pá mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sún un dé ibẹ̀, wọ́n á tún fún wọn ní mẹ́rin sí i. Bí wọn ò bá sún un dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá. Ẹ̀wọ̀n tó gùn ní ọ̀pá mẹ́wàá ló ń ṣe ìdájọ́, igi gígùn kan lẹ́yìn, igi gígùn kan níwájú. Hollis Joubert tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló ń di ti iwájú mú. Ovide ló ni ti ẹ̀yìn, láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ iléèwé á máa pariwo mọ́ ọn láti orí ìjókòó pé, "Ẹlẹ́wọ̀n! Ọdún mélòó ni wọ́n dá fún yín?"

"Ẹ bá mi bi adájọ́," á ní, "mo rò pé ó ti gbàgbé mi síbí ni."

Ní ìlú yẹn, bí eré ọdún bá ti parí lóṣù December, ìgbà náà ni wọ́n ń ṣe Abọ́ Ilá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá gba ipò kìíní nínú àwọn ti etí òkun á wá kojú èyí tó gba ipò kìíní nínú àwọn ti orí òkè, Alabama àti Georgia lọ́hùn-ún. Abọ́ fàdákà ńlá kan ni ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n ya ilá sí i lára yípo. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Belle Anse ti ń gba eré náà lálejò, Delahoussaye ò sì gba ipò kìíní rí. Bí ìgbà téèyàn ń ṣe ìyàwó fọ́mọ ọlọ́mọ lọ́dọọdún ni. Àwọn ló ń se ilá, àlejò ló ń gbé abọ́ lọ.

Àfi lọ́dún 1987. Lọ́dún yẹn, Delahoussaye fi gbogbo àwọn ti etí òkun sẹ́yìn. Lionel Guillory ni balógun wọn, ọmọ ogún ọdún, ilé kẹrin sí ilé Ovide ni wọ́n ti bí i. Inú ilé ìdáná Earline ló ti jẹ ìdajì gbogbo oúnjẹ tó jẹ dàgbà. Tarkington, láti orí òkè Alabama, ló ń bọ̀ wá bá wọn.

Lọ́jọ́ Fráídè tó ṣáájú eré náà, ṣọ́ọ̀bù Auguste onígbàjámọ̀ kún fọ́fọ́. Wilbert tó ń wakọ̀ ìrèké ló kọ́kọ́ rí Ovide tó ń wọlé.

"Nonc Ovide," ó ní, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbúrò ń pe àgbà níbẹ̀, "ọ̀la ńkọ́? Ọ̀pá mẹ́wàá tiwa yẹn, ṣé kò lè di mẹ́sàn-án ààbọ̀?"

Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ̀wọ̀n ò mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò," ni Ovide wí. "Etí ẹ̀ di."

"Ẹ fún un ní kọfí kí etí ẹ̀ là!"

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ Sátidé, kò sì dá. Síbẹ̀, kí agogo méjìlá tó lù, àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò kalẹ̀ sábẹ́ tapólì níta pápá, ọbẹ̀ ilá ń hó pẹ̀lú edé àti sọ́séèjì. Gbogbo ìlú ló jáde. Ìyá Lionel, Nola, wọ fìlà pupa tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fi ń bú u.

Eré náà le. Àwọn ọmọ Tarkington sígbọnlẹ̀ bí màlúù, ẹrẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sáré. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, Delahoussaye ní ogún, Tarkington ní mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Delahoussaye lójú ìlà ogójì gan-an, ìlà funfun tó sàmì ogójì ọ̀pá láti ẹ̀yìn tiwọn. Bí wọ́n bá lè rí ọ̀pá mẹ́wàá yìí, aago á tán mọ́ Tarkington lára, abọ́ á jókòó sílé.

Ovide ri igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó yọ igi ìtayín ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ilẹ̀ nídìí igi náà kí orí rẹ̀ lè yọ díẹ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń bá awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Màlúù lè bì lu igi ààlà, ìjì lè gbé e lọ. Ó yẹ kí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí wà nílẹ̀ tó máa jẹ́rìí.

Ìgbìyànjú kìíní, ọ̀pá mẹ́ta. Ìkejì, mẹ́rin. Nígbà ìkẹta, Lionel gba ẹ̀gbẹ́ sá, ọmọ Tarkington méjì sì rọ́ lù ú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kó lu Ovide. Igi fò. Ẹ̀wọ̀n já kúrò lára irin kékeré tó dì í mú sójú ìlà. Ovide bá ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀.

Lionel fà á dìde. "Nonc, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín? Ẹ má bínú!"

"Mi ò kú. Sáré padà, aago ń lọ."

Kó tó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú, Hollis ti sá wá láti iwájú, ó ti so ẹ̀wọ̀n padà, ó ti ri igi náà, ó sì ti sá padà sí àyè rẹ̀. Ovide di igi rẹ̀ mú. Kò wolẹ̀. Bí gbogbo ìlú, Lionel ló ń wò.

Ó ku nǹkan tí kò tó ọ̀pá kan. Kóòṣì Ferrand, olùkọ́ wọn, ò jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà fún ọ̀tá. Ó na ìka sí Lionel. Lionel gbé e, ó forí sọ àárín, èèyàn mọ́kànlélógún sì wó lé e lórí. Nígbà tí wọ́n tú wọn kúrò lórí ara wọn, olórí rẹfirí, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ọkùnrin Tennessee tí kì í rẹ́rìn-ín, pe ẹ̀wọ̀n.

Ovide bẹ̀rẹ̀ láti fa igi rẹ̀ yọ. Ìgbà yẹn ló rí igi ìtayín rẹ̀. Orí rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, funfun, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan wà níwájú ibi tí igi ńlá náà dúró sí.

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Bí ìdí ẹ̀wọ̀n bá ti sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, orí rẹ̀ náà ti sún sẹ́yìn nìyẹn. Ó gbé igi náà lọ sí àárín pápá, ó ń gbàdúrà bó ti ń lọ: Jésù, jẹ́ kó kọjá dáadáa, tàbí kó kúrú dáadáa. Má jẹ́ kó jẹ́ èmi.

Wọ́n na ẹ̀wọ̀n. Imú bọ́ọ̀lù fi ìka kan ṣoṣo kọjá igi iwájú.

Pruitt na apá síwájú pé wọ́n ti dé ibẹ̀. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń pẹja lójú omi ní àwọn gbọ́ ọ. Fìlà pupa Nola fò sókè. Lionel ń fò, Kóòṣì Ferrand dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, àwọn onífèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì ò tiẹ̀ rántí pé orin kan náà ló yẹ kí àwọn jọ máa fọn. Ovide dúró láàárín gbogbo rẹ̀, igi lọ́wọ́, kò lọ.

"Narcisse," ni Pruitt wí, "gbé igi rẹ, ká lọ."

"Ìwọ̀n yẹn ò péye, sà."

"Kí lo wí?"

"Igi mi ṣubú nígbà tí wọ́n kó lù mí. Nígbà tó tún dúró, kò dúró sí àyè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Pruitt wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló rì í?"

"Igi mi ni, sà. Ọwọ́ mi ló yẹ kó wà."

"Ọmọ ìlú yìí ni ẹ́, àbí kí ni?"

"Ibí ni wọ́n bí mi, sà."

Pruitt gbójú sókè wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń jó nínú òjò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó o fẹ́ dá sílẹ̀?"

"Ìwọ̀n ni mo mọ̀, sà."

Òjò ti fọ ọ̀dà ìlà funfun kúrò létí pápá, ṣùgbọ́n ìlà ogójì ṣì hàn láàárín, Pruitt sì rántí pé ojú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ojú tọ ìlà náà láti àárín títí dé etí. Igi ìtayín náà ló bá níbẹ̀, ní ojú ìlà gan-an. Ó dúró tì í fúngbà díẹ̀, omi ń kán létí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fun fèrè, ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Bọ́ọ̀lù kúrú. Pruitt yí apá rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Tarkington.

Èébú bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì Ferrand ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń pariwo láti òdìkejì pé, "Ovide! Ta ló bi ẹ́? Ta ló bi ẹ́ léèrè?" Ẹnì kan ju abọ́ ọbẹ̀ ilá tó ṣì gbóná bà á lẹ́yìn. Kò bojú wẹ̀yìn.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tán. Bí Tarkington ṣe ń sún síwájú, òun náà ló ń gbé igi tẹ̀ lé wọn, ọ̀pá mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀pá mẹ́wàá, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ bá ìlú rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, wọ́n gbé e wọlé. Mẹ́rìnlélógún sí ogún. Wọ́n gbé abọ́ lọ sí Alabama.

Earline ti pa rédíò nígbà tó délé. Omi gbígbóná ti wà nínú ìwẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Ovide bi í.

"Wọ́n ní ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ya wèrè." Ó ń bá a bọ́ ẹ̀wù tí ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ lẹ́yìn. "Mo ní, bí wèrè yẹn bá ń ka ìka, ọkọ mi ni."

Ovide jókòó sétí ìwẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. "Earline, mo fẹ́ ká borí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ká borí jù mí lọ."

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

"Ó ń dùn mí dé egungun."

"Mo mọ̀. Wọ inú omi kó tó tutù."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó máa ń jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì rí ìjókòó mìíràn. Nola gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni tí kò rí wọn. Ẹnì kan da ilá tó ti bà jẹ́ sórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Earline gbá a, ó ní ó kéré jù fún ìkòkò òun lọ́nàkọnà. Àwọn ọmọ iléèwé náà ti rí tuntun sọ: "Ẹlẹ́wọ̀n, Tarkington ti wá dá yín sílẹ̀ o!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan náà, Lionel gba ẹ̀yìn wọlé bó ti máa ń ṣe. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó kọjú sí Ovide. Earline gbé ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Nonc," ó ní níkẹyìn, "mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Nígbà tí mo ṣubú, abẹ́ ikùn mi ni bọ́ọ̀lù wà, mo mọ̀ pé mi ò dé bẹ̀. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀wọ̀n dé." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kì í ṣe pé a fìdí rẹmi ló ń dùn mí. Pé mo fò ni. Mo mọ̀, mo sì ń fò."

"Ọmọ ogún ọdún ni ẹ́. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún, èmi náà ì bá fò."

"Ẹ̀yin kọ́."

"Jẹun," ni Earline wí láti ìdí sítóòfù. "Ẹni tó bá fẹ́ sunkún nínú ilé mi, á yó ná."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Hollis Joubert ò ya ilé Ovide mọ́, bẹ́ẹ̀ ni láràárọ̀ tí Ovide bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, á kí i: "Ẹ káàárọ̀, Hollis." Hollis á dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan ní January, Ovide wà lórí àga Auguste, ọṣẹ lẹ́yìn ọrùn. Wilbert bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé ògiri ló ń bá sọ ọ́.

"Àwọn kan wà tí wọ́n á fi ìlú wọn tọrẹ kí òyìnbó orí òkè lè pè wọ́n léèyàn dáadáa. Bí wọ́n bá fún wọn lówó, ó yé mi. Ṣùgbọ́n lọ́fẹ̀ẹ́!"

Hollis wà ní ìdí ilẹ̀kùn, ó ń dúró de àyè tirẹ̀. Ó dìde.

"Wilbert, dákẹ́. Èmi ni mo ri igi yẹn."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ó ṣubú, mo sá wá, mo rì í. Mo ń kánjú, mi ò mọ̀ pé mo ti rì í sẹ́yìn. Ìyẹn, mo lè búra sí i. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sá padà, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí igi ìtayín ẹ̀ nílẹ̀. Mo rí i pé kò bára mu. Mo gbójú kúrò. Mo ní, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti ń bú ọkùnrin yìí. Ẹnu ẹ̀ kan náà ló lè fi dárúkọ mi, kò dárúkọ mi fún rẹfirí, kò dárúkọ mi fún yín, kò sì bi mí. Ó ń kí mi láràárọ̀. Ẹ ò mọ bí ìkíni yẹn ṣe rí lára mi."

Abẹ Auguste ti dúró nínú afẹ́fẹ́. Wilbert wo ilẹ̀.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, Nonc?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Auguste," ni Ovide wí, "fá irun mi tán. Ọrùn mi ń tutù."

Kì í ṣe pé gbogbo ìlú dárí jì í lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ò dárí jì í dòní, wọ́n sì nídìí: wọ́n ti dúró fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n lóṣù February, ìyá àgbà kan tẹ ọ̀pá wọ ọ́fíìsì Dautreive. Madame Euphrasie Sonnier ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá tí ìdílé rẹ̀ àti ìdílé Olivier ti ń jà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí igi eléso mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní píkáànì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti lé awọnlẹ̀ méjì kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ajá ni wọ́n fi lé e.

Dautreive dìde fún un. "Madame, ẹ jókòó. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mo wá rí. Ẹni tó gba abọ́ lọ́wọ́ wa dà?"

Ovide jáde láti yàrá ẹ̀yìn, fìlà lọ́wọ́.

"Ìwọ ni? O ti rù ju bí mo ṣe rò lọ." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Ọkùnrin tó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tirẹ̀ fún ọmọ àlejò, nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan. Wá wọn ilẹ̀ mi. Mo ti ránṣẹ́ sí Olivier ọ̀hún. Ó ní bó bá jẹ́ ìwọ ni, òun á so ajá mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìdílé méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n kọjú síra, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan. Láti agogo mẹ́jọ ni Ovide ti ń fa ẹ̀wọ̀n gba inú koríko. Nígbà tó di ọ̀sán, Dautreive wo ìwé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pe Ovide pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Madame," ni Ovide wí, "igi kan jẹ́ tiyín. Méjì bọ́ sọ́dọ̀ wọn."

Àwọn ọmọ Sonnier ti dìde. Ìyá àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, wọ́n jókòó padà.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó wo àwọn igi náà fúngbà pípẹ́. "Ẹ gbé ìwé wá, kí n fọwọ́ sí i." Bó ti fọwọ́ sí i tán, ó pariwo sí òdìkejì: "Olivier! Àwọn méjì tó ń so èyí tó korò lo gbà! Kó o mọ̀!"

"Mo mọ̀, Madame!" ni Olivier dáhùn. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń jí i jẹ!"

Ẹ̀rín bú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ wọlé fún Dautreive tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti gba ẹlòmíì kún un. Àwọn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà bàbá wọn ń wá láti abúlé mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì ń béèrè Narcisse.

Lóṣù August, nígbà tí ooru mú, Kóòṣì Ferrand wá. Àwọn méjèèjì ò tíì sọ̀rọ̀ láti oṣù December. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, kò wọlé, kò sì bẹ̀bẹ̀.

"Sátidé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Agogo kan. Gbé igi rẹ wá."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá ẹlòmíì."

"Mo wá a. Mo wá a káàkiri, mi ò rí i." Ó nu òógùn kúrò lójú. "Ovide, bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn fún ẹ, àlùfáà ò ní í gbọ́ ọ tán."

"Ẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Kóòṣì. Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì pápá."

Ferrand fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Earline ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kọfí ti wà lórí tábìlì, kí ẹni tó bá máa jà wọlé wá jà níbi tí fáànù wà. Ó wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn géńdé tó máa dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá lọ́dún yìí, nítorí àwọn tí wọ́n ní ò lágbára tó.